Iná Tí Ikú Rẹ̀ Le Ju Ayé Rẹ̀ Lọ

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tí èéfín bá ń lọ sí lójú, kó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Àjọkẹ́, yí àgbàdo yẹn padà kó tó di èédú. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: tà! Ẹyọ tó ta nínú eérú yìí ló mú Àlàó fò sókè bí ẹni tí àkekèé ta. Má tijú, ọmọ mi. Ẹyọ àgbàdo kan péré ni. Ooru há sí i nínú, kò rí ọ̀nà jáde, ló bá fọ́.

Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa lálẹ́ òní. Ẹ má wulẹ̀ múra àtigbe orin, Ìjàpá kò sí nínú èyí. Ohun ìyanu ni, òótọ́ sì ni. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, mo máa ń sọ ọ́ fún wọn bí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n tètè lọ sílé. Ọ̀rọ̀ iná kan ni. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ kò ju ti ẹyọ àgbàdo kan lọ, síbẹ̀ bó bá kú, ilé irin tó wúwo ju agbo màlúù lọ a máa mì. Ẹ gbọ́ mi yé o: mi ò ní bó bá jó. Bó bá kú ni mo wí.

Ẹ rántí bí oòrùn ṣe mú wa lónìí. Kí ni ẹ rò pé ó ń jó níbẹ̀? Bó bá jẹ́ igi ni, ì bá ti di eérú kí Odùduwà tó dé Ilé-Ifẹ̀. Háídírójìn ni, afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ. Ní àárín gbùngbùn oòrùn, ooru tó mílíọ̀nù 15 ní ìwọ̀n Celsius. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, kóró inú háídírójìn kan a kọlu èkejì, wọ́n a lẹ̀ mọ́ra, wọ́n a di hẹ́líọ̀mù, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìwúwo wọn a sì di agbára. Bíi mílíọ̀nù 600 tọ́ọ̀nù háídírójìn ni oòrùn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láti ìwáṣẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́, kò tíì yó.

Ọmọ aráyé wá ní òun náà fẹ́ dá irú iná yẹn kí òun máa fi ṣe iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò kìíní ni ooru. Èkejì ni pé kí ohun tó ń jó pọ̀ tó lójú kan. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó dúró pẹ́ tó kó má tú ká. Oòrùn tóbi, ìwúwo ara rẹ̀ ló fi ń di iná rẹ̀ mú. Àwa tí a kò ní irú ìwúwo bẹ́ẹ̀, àfi ká fi ooru dí i: mílíọ̀nù 150 ni wọ́n ń wá, ìlọ́po mẹ́wàá ooru inú oòrùn.

Ìkòkò wo ló fẹ́ gba irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kò sí. Nínú ooru yẹn, átọ́ọ̀mù kì í lè di ara rẹ̀ mú mọ́, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ a bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ohun tó kù kì í ṣe líle, kì í ṣe olómi, kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Plásímà ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rò pé ẹ ò rí i rí. Bí Ṣàngó bá bínú, tí mànàmáná là lójú ọ̀run, plásímà ni ẹ rí yẹn.

Nǹkan kan wà tó lè di plásímà mú láìfọwọ́ kàn án: òòfà. Ní ọdún 1950, ọ̀dọ́mọdé sójà kan tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní erékùṣù Sakhalin, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Oleg Lavrentiev lorúkọ rẹ̀, kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ Moscow pé òun ti ro bí a ṣe lè há irú iná yìí mọ́. Lẹ́tà náà dé ọwọ́ onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Andrei Sakharov. Ọ̀nà tí sójà náà là sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ru ọkàn Sakharov sókè. Òun àti Igor Tamm, onímọ̀ bíi tirẹ̀, jọ jókòó, wọ́n ní kí á ṣe ilé irin kan roboto, kó ní ihò láàárín bí òṣùká tí ìyá yín fi ń gbé ẹrù, kí á wé òòfà mọ́ ọn lára yíká. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n sọ ní tókámákì.

Ẹ̀tàn wà níbẹ̀ ṣá. Òòfà tí a wé mọ́ ọn lóde nìkan kò tó, plásímà a máa yọ́ jáde. Àfi kí á tún rán ìṣàn iná mànàmáná ńlá gba inú plásímà fúnra rẹ̀ kọjá, kí ìṣàn yẹn náà dá òòfà tirẹ̀ sílẹ̀. Òòfà méjèèjì a wá lọ́ mọ́ra bí okùn, okùn yẹn ni yóò di iná mú. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ilé wa: áḿpìà 13 ni wọ́n ṣe é fún. Ìṣàn inú tókámákì ńlá, mílíọ̀nù áḿpìà ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ fi í pamọ́ sọ́kàn. Ó wà lára ogún tí a ó pín níwájú.

Ní 1968, ní ìpàdé kan ní Novosibirsk, àwọn ará Rọ́ṣíà kéde pé tókámákì àwọn ti gbóná dé ìwọ̀n mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àwọn òyìnbó yòókù rẹ́rìn-ín, wọn ò gbà. Ayé ìgbà náà le, ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà ìwọ̀-oòrùn ń wo ara wọn bí ológbò àti eku. Síbẹ̀, Lev Artsimovich, olórí iṣẹ́ náà, ní kí àwọn ará Ìlú Ọba wá fi ohun èlò tiwọn wọ̀n ọ́n. Ní 1969, wọ́n di ẹ̀rọ lésà wọn, wọ́n gba Moscow lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti ń mọ tókámákì.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn wà ní Culham, ní agbègbè Oxford, lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun ojú omi rí. JET lorúkọ rẹ̀. Ní June 25, 1983 ló kọ́kọ́ tan plásímà rẹ̀. Nígbà tí JET ṣì ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ tan án, iná ìjọba nìkan kò gbé e. Wọ́n ní àgbá irin méjì tó ń yí bí ọlọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó 775 tọ́ọ̀nù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi iná yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sáré dáadáa, wọ́n á wá gba agbára inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní October 3, 2023, JET mú agbára tó tó mílíọ̀nù 69 júùlù jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, láti inú ohun ìdáná tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù kan. Bí ẹ bá fi í sórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Kí lo wí, Àlàó? O ní bí irú iná yẹn bá jáde ńkọ́, ṣé kò ní jó ìlú? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ibẹ̀ gan-an ni ìyanu náà sì bẹ̀rẹ̀. Kò lè jáde. Iná inú ààrò wa yìí, ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé kó má lọ gba orí òrùlé. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kan ohunkóhun, òtútù a mú un, a sì kú. Bí èérún irin kan bọ́ láti ara ògiri sínú rẹ̀, ó kú. Bí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ jù, ó kú. Bí ìṣàn inú rẹ̀ bá lágbára ju ohun tí òòfà òde lè bá rìn, ó kú. Àwọn tó kó ìtàn ikú plásímà JET jọ rí i pé nínú wọn ni àwọn kan wà tó jẹ́ pé àṣìṣe ènìyàn ló fà á, ẹnìkan kàn tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀ ni. Láti tan án le; láti pa á, ọmọdé lè ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ bí ikú náà ṣe ń rí. Ìdàrú ni mo ń pè é.

Nígbà tí ọba bá wàjà, ẹ mọ̀ pé wọn kì í ké e síta lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìjòyè a kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ààfin, wọ́n a mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, wọ́n a mọ ẹni tí yóò dúró níbo. Nítorí kí ni? Nítorí ọba kì í kú kó má fi nǹkan sílẹ̀. Bí a kò bá pín in bó ṣe yẹ, ìlú a dàrú. Plásímà náà, bó ti kéré tó un, olówó ni. Ogún mẹ́ta ló ń fi sílẹ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti ti ilẹ̀kùn.

Ogún àkọ́kọ́ ni ooru. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ń pè ní Cadarache, wọ́n ń kọ́ tókámákì kan tó ju JET lọ fíìfíì, ITER ni wọ́n pè é. Plásímà inú rẹ̀, bó bá dé, ni mo fi wé ẹyọ àgbàdo; kò ní tó gíráàmù kan. Ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ yóò tó èyí tó wà nínú bẹntiróòlù lítà 10. Lítà 10 kò pọ̀, ẹ ní? Ọkọ̀ a máa jó o láti ibí dé ìlú kejì. Ìyàtọ̀ wà nínú àsìkò. Bí ìdàrú bá dé, gbogbo ooru yẹn lè tú jáde kí ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ibi tó bá bà lé lára ògiri a yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Ogún kejì ni ìṣàn. Ẹ̀yin tó ti wọ dánfó rí, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí awakọ̀ bá ṣàdédé tẹ bíréèkì: ọkọ̀ dúró, ẹ̀yin kò dúró. Iná mànàmáná náà kì í fẹ́ dúró lójijì. Michael Faraday ló rí ìdí rẹ̀ ní London ní 1831, pé bí òòfà bá ń yí padà nítòsí irin tàbí wáyà, iná mànàmáná a jí nínú wáyà náà. Bí ó bá ṣe yára yí padà tó ni iná náà ṣe máa lágbára tó. Jẹnẹrétọ̀ wa ẹ̀yìnkùlé, ọgbọ́n yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí plásímà bá kú, mílíọ̀nù áḿpìà a pòórá, òòfà tirẹ̀ a bá a lọ. Ìṣàn tuntun a wá jí nínú ògiri irin, a máa yí po bí omi odò tó pàdé òkúta.

Èyí ṣì kéré. Nígbà mìíràn plásímà kì í kú sójú kan. Ìdè rẹ̀ a tú, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè tàbí kó máa rì, títí yóò fi fara kan ògiri. Ìṣàn inú rẹ̀ a wá rí ọ̀nà ẹ̀búrú: a wọ inú ògiri irin níhìn-ín, a jáde lọ́hùn-ún, a tún padà sínú plásímà. Halo ni àwọn onímọ̀ ń pe ìṣàn yìí. Ẹ sì rántí pé ààrin òòfà ńlá ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Bí iná mànàmáná bá ń ṣàn láàárín òòfà, òòfà a tì í. Ìtì yẹn ló ń yí fáànù. Fáànù, ìyẹn ìṣàn kékeré. Nígbà tó bá di ìṣàn ńlá nínú irin ńlá, ilé irin náà ni yóò gba ìtì. Bí plásímà bá sì fara kan ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ìtì náà kò ní dọ́gba. Ní JET, ìdàrú ti ti gbogbo ilé irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mílímítà bíi mélòó kan. Àlàó, o ń rẹ́rìn-ín mílímítà? Lọ ti ògiri ilé wa yìí kúrò níbi tó wà ní mílímítà kan, kí n rí ọ.

Ogún kẹta ló burú jù, òun náà ló yà mí lẹ́nu jù.

Nígbà tí ìṣàn ńlá yẹn bá ń kú, agbára kan a dìde nínú plásímà, a máa lé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù síwájú. Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà mọ̀ pé bí òun ṣe ń sáré sí i ni atẹ́gùn ń ti òun sẹ́yìn sí i. Nínú plásímà, òdìkejì ni. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá ti yára dé ìwọ̀n kan, bó ṣe ń sáré sí i ni ìdíwọ́ ń dín kù fún un. Ẹni tí ohunkóhun kò dí lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń tì lẹ́yìn, ìgbà wo ni yóò dúró? A máa sáré títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ tí mo wí yìí, kí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tó pé, ó ti lè yí ayé po ní ìgbà méje. Asáré-má-dúró ni mo sọ wọ́n.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan asáré-má-dúró kò mọ nǹkan kan nípa tókámákì. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni, C. T. R. Wilson, ìkùukùu òjò ló ń wò. Ní 1925 ló sọ pé nínú ìkùukùu tó ń sán àrá, agbára iná lè lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù débi tí kò ní lè dúró mọ́. Ohun tó wà lókè ọ̀run lọ́wọ́ Ṣàngó ni àwọn ènìyàn wá rí nínú ilé irin.

Wọn kì í sì í dá nìkan rìn. Asáré kan a kọlu ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́jẹ́ kan lọ́nà, a gbá a síwájú, òun náà a di asáré. Ẹyọ kan a di méjì, méjì a di mẹ́rin, bí ọmọ ìta ṣe ń kó ọmọ onílé sẹ́yìn. Kí á tó mọ̀, ìṣàn tí ọba fi sílẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Nínú ITER, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé nínú mílíọ̀nù áḿpìà 15, bíi 10 lè di tiwọn bí a kò bá dí wọn lọ́nà. Bí irú ìyẹn bá sì kọlu ògiri, kì í tàn ká bí ooru, ojú kan ni yóò gbẹ́ wọlé bí ọ̀kọ̀. Ní JET, asáré-má-dúró ti yọ́ táìlì ara ògiri rí. Tọ́ńgísítínì, irin tí wọ́n fi ń ṣe okùn inú gílóòbù, kì í yọ́ àfi bí ooru bá ju 3,400 lọ. Òun ni wọ́n fẹ́ fi tẹ́ ojú ògiri ITER. Síbẹ̀ àyà wọn kò balẹ̀, nítorí páìpù omi tó ń mú ògiri tutù wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àjọkẹ́ ní, Bàbá, kí ni wọ́n wá ṣe? Ó ṣeun tí o béèrè. Bu àgbàdo kan fún un.

Ohun méjì ni wọ́n ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń mọ̀ pé ọba ń ṣàìsàn. Nínú plásímà, okùn òòfà a máa já nígbà mìíràn, a tún ara rẹ̀ so lọ́nà òdì, a di bí erékùṣù kan tó ń bá plásímà yí po. Bó bá ń yí, àlàáfíà díẹ̀ ṣì wà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ẹ kíyè sára. Bó bá dúró, ó ti tán. Ṣé ẹ mọ̀ bí ọkàn gbogbo èrò ṣe ń já bí egúngún tó ń jó bá ṣàdédé dúró gbagidi láàárín agbo? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní 2024, àwọn onímọ̀ láti Princeton fi kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ tókámákì tó wà ní San Diego ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà náà ń rí àìsàn yìí ní ìdá 300 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé, ó sì ń rọra yí ọwọ́ padà kó má baà dé rárá. Lójú wa, bí ẹni ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ni. Lójú ẹ̀rọ, ó tó àkókò láti jókòó, kó jẹun, kó tún gbọnwọ́.

Èkejì ni pé bí ikú bá dé tí kò ṣe é yẹ̀, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń pín ogún. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Ìdí-igi ni pé kí á pín in ní ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, tí ìyá ọlọ́mọ kan àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà á gba ọgbọọgba. Orí-ò-jorí ni pé kí gbogbo ọmọ gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ti ẹnìkan má ju ti ẹlòmíràn. Ìdàrú plásímà, bí a bá fi í sílẹ̀, ìdí-igi tó burú jáì ló máa ń pín: táìlì kan á gba gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ̀rún táìlì á máa wòran. Ohun tí wọ́n ń wá ni orí-ò-jorí.

Báwo? Yìnyín ni wọ́n fi ń yìn ín níbọn. Wọ́n a mú háídírójìn àti nẹ́ọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ inú iná aláwọ̀ pupa ti ojú ilé ìtajà, wọ́n a fi òtútù tó tó nǹkan bí 260 nísàlẹ̀ òdo sọ ọ́ di yìnyín, tí kò tóbi ju ìdérí onígi tí wọ́n fi ń dí ìgò ọtí lọ. Bí àmì ikú bá ti hàn, wọ́n a yìn ín. Ẹnu ìbọn náà tẹ̀ kọdọrọ, kí yìnyín lè kọlu ibẹ̀, kó fọ́ sí wẹ́wẹ́, kó sì ya wọ inú plásímà bí yanrìn. Nẹ́ọ́ọ̀nù a gba ooru, a sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í mọ ojú ẹnìkan, ibi gbogbo ló ń tàn dé. Gbogbo táìlì a wá gba tirẹ̀, kò sí èyí tí yóò jóná. Ní San Diego ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọgbọ́n yìí. Ní 2019 ló dé ara JET.

Asáré-má-dúró ńkọ́? Àwọn ló yọ àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù. Fún ọdún púpọ̀, èrò wọn ni pé kí á fi afẹ́fẹ́ tó wúwo dí wọn lọ́nà, kí wọ́n kọlu ú títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Àwọn asáré náà kò gbà. Ìgbà tó yá, ní San Diego àti ní Culham, wọ́n ṣe ohun tó dà bí òdì. Wọ́n yin háídírójìn tó fúyẹ́ sí wọn, gbogbo afẹ́fẹ́ wíwúwo bá ṣí kúrò lọ́nà. Ìdàrú ńlá kan wá bẹ́ sílẹ̀ nínú òòfà tó di àwọn asáré náà mú, òòfà já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n bá fọ́n káàkiri gbogbo ògiri bí ẹ̀pà tó dànù. Àwọn onímọ̀ wo ògiri JET, wọn ò rí ojú kan tó jóná. Ní 2021 ni wọ́n kọ ọ́ jáde fún aráyé. Ẹ kò rí i bí? Ìdàrú ló pa ọba. Ìdàrú náà ni wọ́n rán níṣẹ́ kó lọ gba ogún lọ́wọ́ olè, kó sì pín in.

Ní December 18, 2023, JET tan plásímà rẹ̀ ìkẹyìn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 105 àti 842 ìgbà ni wọ́n ti tan án láàárín ogójì ọdún. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ṣe? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ darí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù alágbára sí ògiri inú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí ọgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí. Arúgbó ẹ̀rọ náà ya ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ẹgba kí àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Nítorí pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó, ìyàwó yẹn sì ni ITER.

ITER, ẹ gbọ́, òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ níbẹ̀. Ní Geneva ní 1985, Reagan ti Amẹ́ríkà àti Gorbachev ti Soviet Union, àwọn tó ń na àdó olóró sí ara wọn, fẹnu kò pé kí ayé jọ dá iná yìí. Lónìí, Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Íńdíà, Jàpáànù àti Kòríà Gúúsù ló jọ ń kọ́ ọ. Bí ètò tí wọ́n kéde ní 2024 bá dúró, ní 2034 ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí nínú rẹ̀. Àlàó, ìwọ náà yóò ti hu irùngbọ̀n nígbà yẹn. JET kú lọ́pọ̀ ìgbà ó sì ń jí padà. ITER tóbi jù fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ìdàrú ńlá tí a kò múra sílẹ̀ fún, bíi mélòó kan péré, lè dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró fún oṣù púpọ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ wà ní Greifswald, ní Jámánì, tí wọ́n ní kí ọba má lówó rárá. Wọ́n tẹ òòfà òde wọ́kuwọ̀ku, wọ́n lọ́ ọ títí tí kò fi nílò ìṣàn ńlá nínú plásímà mọ́. Wendelstein 7-X ni ẹ̀rọ náà, ó tan plásímà àkọ́kọ́ ní December 2015. Ọba tí kò ní ogún, ta ni yóò bá ọmọ rẹ̀ jà? Ṣùgbọ́n òòfà wọn yẹn le láti mọ ju ilé Ìjàpá lọ. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ilẹ̀ ti ṣú. Àgbàdo ti tán, ẹ kó ṣùkù rẹ̀ fún ewúrẹ́. Àjọkẹ́, dìde kí o pa iná. Rárá o! Gbé omi yẹn sílẹ̀. Ààrò ṣì gbóná, bí o bá da omi lù ú yóò là, kí ni a ó gbé ìkòkò kà lówùúrọ̀? Mú igi kan. Tú ẹ̀yinná yẹn ká. Fọ́n ọn dáadáa, má jẹ́ kí méjì fara kan ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Orí-ò-jorí. Ó dàárọ̀ o.